"Stem cell" inú àpò àti mùdùnmúdùn eegun: ta ló mọ̀ nípa ìwòsàn SS yìí dáadáa?

Ìyá Tómi, Adó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi kejì, obìnrin, ọmọ ọdún 9, SS ni. Kò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tó ń ké tọ̀sán-tòru. Ìgbà yẹn la ti mọ̀. Láti ọdún tó kọjá ni ìrora náà ti ń dé lemọ́lemọ́. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì ń pa ilé ìwé jẹ débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gba iwájú rẹ̀ lọ.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà lọ́nà ọjà Bísí gbé oògùn lẹ́búlẹ́bú kan wá bá mi, inú àpò pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló wà. Ó ní stem cell ni, pé kí n máa dà á sábẹ́ ahọ́n ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, pé kó tó di oṣù mẹ́fà, jínótáìpù rẹ̀ á di AA. Páálí kan ju èrè tí mò ń jẹ lóṣù lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Jámánì gbọ́, ó pè wá tìbínú-tìbínú. Ó ní stem cell tòótọ́, inú mùdùnmúdùn eegun ló wà, ọsibítù ni wọ́n sì ti ń ṣe é, pé ká ta ilẹ̀ wa tó wà lọ́nà Ìyìn ká gbé ọmọ lọ sí Íńdíà. Bàbá Tómi ti ń wá ẹni tí yóò rà á. Ìyá ọkọ mi ní tòun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ òun dán nǹkan wò.

Ṣé ohun kan náà ni méjèèjì? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń wo SS sàn pátápátá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn, orí mi ti dàrú.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ìyá Tómi, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run yóò bá yín wo ọmọ náà. Ẹ̀ka àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ SS kì í wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kan owó ọwọ́ yín: ẹ má ra lẹ́búlẹ́bú yẹn. Sẹ́ẹ̀lì téèyàn bá dà sábẹ́ ahọ́n, ikùn ló ń lọ, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà wọ inú eegun lọ sọ SS di AA. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í sì í gbé inú àpò tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì nínú oòrùn.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń sọ yàtọ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ló wà lóòótọ́, òun ni ìyá tó ń bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí kò ní SS máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ọmọ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bí ọ́síjìn inú rẹ̀ bá ti dínkù, á le, á tẹ̀ bíi dòjé, á sì lọ há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì wọn ṣe ń tètè kú yẹn ló fà á tí ibà apọ́njú fi máa ń hàn lẹ́yinjú wọn, tí PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, kì í sì í ga.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìwòsàn náà, wọ́n á kọ́kọ́ fún ọmọ ní oògùn líle, irú èyí tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, kí mùdùnmúdùn tirẹ̀ lè kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gba ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ara wọn bára mu, wọ́n á fi í sí i lára láti ojú iṣan, bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára gan-an. Sẹ́ẹ̀lì náà á wá ọ̀nà ara rẹ̀ wọ inú eegun, á sì tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun.

Ó ń wò ó sàn, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 1984 ni ìròyìn àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìwòsàn St. Jude ní Memphis, Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 kan ló ní SS, ó tún wá ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀, ni àìsàn méjèèjì bá jọ lọ. Látìgbà náà wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 2017 wọ́n tẹ ìròyìn 1,000 èèyàn jáde, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, tí wọ́n gba ti ọmọ ìyá wọn tó bára mu pátápátá láàárín 1986 sí 2013. Lẹ́yìn ọdún 5, nǹkan bí 93 nínú 100 ló wà láàyè, nǹkan bí 91 nínú 100 ló sì wà láàyè láìsí pé àìsàn náà padà. Àwọn ọmọdé ló dára fún jù.

Àmọ́ àwọn tó kù kí 93 tó pé 100 yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ẹ má bínú sí ìyá ọkọ yín. Ẹ̀rù tó ń bà á, ó yẹ kó ba ẹni tó bá fẹ́ ọmọ.

Ìlera Pípé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Èmi náà ń ta lẹ́búlẹ́bú yẹn, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ọmọ kan wà ní Ìlawẹ̀ tí mo fún, SS ni tẹ́lẹ̀. Mo fojú ara mi rí ìwé tuntun tí wọ́n ṣe, AS ló wà níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Láàbù Òkèyìnmí

Ẹ kú ọjà, mà. Mo gbà pé ẹ rí ìwé náà. Ìbéèrè mi kan ni: ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ yẹn lára láàárín oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò tuntun yìí?

Ìlera Pípé

Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù lóṣù kejì tó lo oògùn wa, wọ́n sì fún un lẹ́jẹ̀. Àmọ́ ara rẹ̀ yá lẹ́yìn ẹ̀.

Láàbù Òkèyìnmí

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, mà. Iṣẹ́ mi ojoojúmọ́ nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ó ń tan ọ̀pọ̀ ìyá jẹ ní Èkìtì yìí.

Bí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún jínótáìpù, a máa fọ sẹ́ẹ̀lì pupa náà, a ó kán an sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó sì gbé iná mànàmáná kọjá lára rẹ̀. Èròjà A inú ẹ̀jẹ̀ náà á sáré ní tirẹ̀, èròjà S á sáré ní tirẹ̀, ibi tí ìlà dúró sí la ó kà. Ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀, ohun tó bá bá nínú ìgò ló ń sọ. Ọmọ SS tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ AA sí lára, ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjì ló wà lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ìlà A máa yọ, ìlà S máa yọ, ẹni tí kò bá sì béèrè ìtàn ọmọ máa kọ AS. Bí ẹ bá dúró tó oṣù mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ àlejò yẹn ti kú tán, tí ẹ tún un ṣe, SS ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Ara ọmọ yẹn yá nítorí ẹ̀jẹ̀ tó gbà. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó padà sí kílíníìkì, kó má sì dá oògùn ọmọ náà dúró nítorí ìwé yẹn.

Ìlera Pípé

Ó ti yé mi. Màá pè é.

Bàbá Ìbejì, Ìkòlé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Táyé mi SS ni, Kẹ́hìndé AS, wọn kò jọra wọn. Wọ́n sọ fún mi pé AA nìkan ló lè fúnni ní mùdùnmúdùn, pé AS kò wúlò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Láàbù Òkèyìnmí

Rárá sà. AS lè fúnni. Bí Kẹ́hìndé bá fún Táyé, ẹ̀jẹ̀ Táyé yóò di AS, AS kì í sì í ní ìrora SS. Ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu ni èyí tí wọ́n ń pè ní HLA. Òun ni àmì ara sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń mọ ẹni tirẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìdajì rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Fún ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé yóò bá tẹni tó ń ṣàìsàn mu pátápátá. Ìbejì tí kò jọra wọn kò yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí èyí. Gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ kò pọn dandan kó bára mu: O lè fún A, A lè fún O, àwọn dọ́kítà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ Ìyá Tómi pé kí wọ́n má tíì ta ilẹ̀. Àyẹ̀wò HLA àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, tàbí kí wọ́n fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú. Ẹ bi dọ́kítà yín ibi tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí.

Ìyá Tómi, Adó

Ẹ ṣeun, bọ̀dá Láàbù. Mẹ́ta ni wọ́n. Tómi, ọkùnrin, ọdún 14, AS ni. Àbíkẹ́yìn, ọkùnrin náà, ọdún 5, AA. Bàbá wọn ní bí kò bá sí èyí tó bára mu nínú wọn, a ó bí òmíràn tí yóò bára mu.

Láàbù Òkèyìnmí

Mà, ẹ bá mi sọ fún bàbá pé mo kí wọn, kí ẹ sì bá mi ṣe ìṣirò yìí fún wọn. Ọmọ méjì tí ẹ ní, bí a bá pa wọ́n pọ̀, àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn yóò bára mu jẹ́ 7 nínú 16, kò tó ìdajì. Tí ẹ bá tún wá lóyún, ọmọ náà gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ SS, ìyẹn jẹ́ 3 nínú 4. Ó tún gbọ́dọ̀ bára mu, ìyẹn jẹ́ 1 nínú 4. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń jogún méjèèjì, ọ̀kan kò fa èkejì. Bí ẹ bá jọ wọn pọ̀, 3 nínú 16 ni. Àti pé 1 nínú 4 ṣì wà pé ọmọ tuntun náà yóò jẹ́ SS, kí ẹ wá ní méjì láti máa tọ́jú.

Obìnrin tó bá ti lóyún tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun ní sẹ́ẹ̀lì yìí nínú, wọ́n lè gbà á pa mọ́ lọ́jọ́ ìbí bí ètò bá ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ lọ lóyún nítorí èyí nìkan, n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ajíhìnrere Ọ̀yẹ́

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti òwúrọ̀. Èmi gbà pé Ọlọ́run ń wo SS sàn, mo sì ń gbàdúrà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó ń kà á mọ̀ pé n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó da oògùn ọmọ rẹ̀ nù kó tó lè gba àdúrà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ máà dá a lóhùn.

Ọmọ Ẹfọ̀n

Èmi ni mo fún àbúrò mi obìnrin ní mùdùnmúdùn; AS ni mí, SS ni òun. Íńdíà ni a ti ṣe é. Ìyá Tómi, màá sọ bó ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀.

Tèmi ni ó rọrùn jù. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa mùdùnmúdùn jáde láti eegun ìbàdí lẹ́yìn. Nígbà tí mo jí, ìbàdí ń ro mí, n kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì tán. Èyí tí wọ́n gbà ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe ìbàdí ni wọ́n ti gba tiwọn: wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí sẹ́ẹ̀lì náà lè jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ láti apá.

Àbúrò mi ló jìyà. Oògùn líle yẹn mú irun rẹ̀ dànù, ẹnu rẹ̀ bó láti inú dé ọ̀fun, kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì. Yàrá àdágbé ni wọ́n fi í sí nítorí ara rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi bá kòkòrò jà mọ́. Ìyá wa gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, wọ aṣọ ọsibítù, bo imú, kó tó lè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì mi ti mú, wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀: ara rẹ̀ yọ pupa, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì tèmi ló ń bá ara rẹ̀ jà, pé ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pa èèyàn. Oògùn ni wọ́n fi pẹ̀tù sí i. Ó lo oògùn yẹn fún oṣù púpọ̀.

Lórí owó: owó tí ọsibítù bá dá kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ ó gba ilé sí itòsí ọsibítù fún bí oṣù mẹ́ta, ẹni méjì ó kéré tán, oúnjẹ tó mọ́, àyẹ̀wò lemọ́lemọ́. Bí ẹ bá sì padà dé, oògùn ń lọ, kílíníìkì ń lọ. Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbà nígbà ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ta ilẹ̀ kí ẹ ná an tán sórí ọjọ́ iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń mú ní Ẹfọ̀n, lórí òkè. Láti kékeré, omi gbígbóná nìkan ni àbúrò mi ń wẹ̀, bí atẹ́gùn tútù bá fẹ́ sí i lásán, ọsibítù ni. Ọyẹ́ ọdún kejì tí a padà dé, ó pọn omi tútù ní kùtùkùtù, ó wọ balùwẹ̀ lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá wa gbọ́ ìró omi, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ọmọ ń kọrin nínú ibẹ̀. Títí di òní, ìrora yẹn kò tíì padà.

Bàbá Ìbejì, Ìkòlé

Mo kà á fún ìyàwó mi, ó sunkún. Ẹ kú ìnira o, Ọmọ Ẹfọ̀n. Ìyẹn ni pé tí ó bá fẹ́ lọ́kọ báyìí, kò ní wàhálà jínótáìpù mọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Bàbá Ìbejì, ó ní o! Gbogbo ẹbí tó bá ṣe é ló gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Ẹyin inú obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin kò yí padà, S ni wọ́n ṣì ń gbé. Bí àbúrò Ọmọ Ẹfọ̀n bá lọ ṣe àyẹ̀wò lónìí, AS ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò jáde, bẹ́ẹ̀ S ni yóò fún gbogbo ọmọ tó bá bí. Bí ó bá fẹ́ AS, ìdajì-ìdajì ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ SS. AA ló yẹ kó wá. Ìwé àyẹ̀wò tí ṣọ́ọ̀ṣì ń gbà kí wọ́n tó so yìgì kò ní fi èyí hàn wọ́n, ẹnu ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Òmíràn tún wà lára rẹ̀. Oògùn líle yẹn lè ba ilé ẹyin obìnrin jẹ́ tàbí àtọ̀ ọkùnrin, kí ẹni náà má lè bímọ mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dọ́kítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá parí. Níbi tí ohun èlò wà, wọ́n lè gba ẹyin tàbí àtọ̀ pa mọ́ sínú yìnyín fún ẹni tó ti bàlágà. Fún ọmọ ọdún 9, ó ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹfọ̀n

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Wọ́n sọ fún wa níbẹ̀, àbúrò mi sì mọ̀.

Jagunjagun SS, Ìkẹ́rẹ́

Mo ti ń dúró de ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti kàn mí. SS ni mí, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tíṣà ni mí, n kò ṣe mùdùnmúdùn. Eegun itan mi ti bàjẹ́, mo ń tiro díẹ̀. Ìyẹn náà, ẹ mọ̀ ọ́n: eegun tó ti bàjẹ́, rọpárọsẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀, pípààrọ̀ mùdùnmúdùn kò lè dá wọn padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn dọ́kítà fi máa ń fẹ́ ṣe é kí ara tó bàjẹ́.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ bíi pé ẹni tí kò bá ṣe é ti kú. Bí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá lọ wo omi Ìkọ̀gosì, mo máa ń bá wọn lọ. Apá ibi tí omi gbígbóná ti ń ṣàn ni mò ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé omi tútù yẹn kì í ṣe tèmi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, a ó jọ jẹun. Ìgbésí ayé ni mò ń gbé.

Ohun tó mú mi dé ibi tí mo dé ni hydroxyurea. Kápúsù ni, ẹnu ni wọ́n ń lò ó. Ó máa ń jẹ́ kí ara padà ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní nínú ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í sì í tẹ̀. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n parí ní 1995 fi hàn pé ó dín ìrora àwọn àgbà kù ní nǹkan bí ìdajì. Ọmọdé náà ń lò ó. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, nítorí náà ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́mísì. Ìyá Tómi, ẹ kò dárúkọ rẹ̀ rárá nínú ọ̀rọ̀ yín. Ṣé ọmọ náà ń lò ó?

Ìyá Tómi, Adó

Àǹtí, kò lò ó rí. Fólíkì ásíìdì àti Paludrine tí a fi ń dènà ibà nìkan la mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Jagunjagun SS, Ìkẹ́rẹ́

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́la bó bá ṣeé ṣe. Kẹ́ ẹ tún béèrè àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe lẹ́bàá orí, tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lọ sínú ọpọlọ. Láti ọdún 2 sí 16 ló yẹ kí ọmọ SS máa ṣe é lọ́dọọdún. Òun ló ń fi hàn bí rọpárọsẹ̀ bá ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú lórí ọ̀rọ̀ mùdùnmúdùn yìí. Ọmọ ọdún 9 mọ ohun tó ń dun òun.

Ọmọ Ìjerò ní Dallas

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n fi tuntun kún un, nítorí àwọn ará ilé ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ní December 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tuntun méjì fún SS, Casgevy àti Lyfgenia, fún ẹni ọdún 12 sókè. Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí Casgevy ṣáájú wọn ní November. Èyí kò nílò ẹni tí yóò fúnni: sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á tún un ṣe ní láàbù, wọ́n á dá a padà sí i lára. Jimi Olaghere, ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò, ó sì ti bá àwọn oníròyìn sọ bí ayé rẹ̀ ṣe yí padà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe é fún yín lówó pọ́ọ́kú. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé Casgevy, 3.1 mílíọ̀nù lé Lyfgenia. Oògùn líle tí Ọmọ Ẹfọ̀n sọ yẹn, wọ́n ṣì ń lò ó nínú èyí náà.

Ó dùn mí gan-an ni. Àwa la ní àìsàn yìí jù láyé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló jẹ́ AS ní Nàìjíríà, ìwòsàn wá jìnnà sí wa báyìí.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ní ti mùdùnmúdùn, bọ̀dá. Ní 2011, ọsibítù yunifásítì UBTH ní Benin, lábẹ́ Dókítà Nosa Bazuaye, ti ṣe é fún ọmọ SS, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un. Sickle Cell Foundation Nigeria tó wà ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, náà ti bá ọsibítù yunifásítì LUTH dòwò pọ̀ lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kí ó kọ́kọ́ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dọ́kítà rẹ̀ lọ sí ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n wo ọmọ, kí wọ́n sọ tòótọ́ fún un.

Mo tún rántí ohun kan tó ṣe kókó. Níbí, bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá lọ sílẹ̀, ẹbí ni wọ́n máa ń ní kó wá fúnni lẹ́jẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá ní lọ́kàn pé yóò gba mùdùnmúdùn lọ́jọ́ iwájú, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ òbí tàbí ti ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sí i lára. Ara rẹ̀ lè ti kọ́ bí yóò ṣe bá ẹni yẹn jà, kó wá kọ mùdùnmúdùn rẹ̀ nígbà tó bá dé. Ẹ lè fúnni kí wọ́n fi pààrọ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi tiyín sí ọmọ náà lára.

Ìyá Tómi, Adó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

A lọ. Dọ́kítà náà fara balẹ̀ fún wa, ó bẹ̀rẹ̀ hydroxyurea fún un, ó yẹ orí rẹ̀ wò, a dúpẹ́ pé kò sí ewu níbẹ̀ báyìí. Ó ti ń lọ sí ilé ìwé déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ tááàmù yìí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún HLA. Kí wọ́n tó gba ti Tómi, ó bi dọ́kítà bóyá ti òun kò ní tán bí òun bá fún àbúrò òun. Dọ́kítà ní yóò hù padà. Ó ní kí wọ́n gba ti òun kí wọ́n fi ti àbíkẹ́yìn sílẹ̀, ó kéré jù.

Èsì ti dé. Kò sí èyí tó bára mu nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà dun Tómi ju gbogbo wa lọ, kò jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A kò tíì ta ilẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní òun kò fẹ́ kí irun òun dànù, ṣùgbọ́n bí ìrora bá máa lọ, òun á gbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń sọ nípa ìdajì báyìí, pé bàbá tàbí ìyá lè fúnni. Nọ́ọ̀sì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ kú ìdúró, mà. Ẹ bá mi kí Tómi, ẹ sọ fún un pé kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe ti ìdajì. Òbí kọ̀ọ̀kan bá ọmọ rẹ̀ mu ní ìdajì, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló lẹ́ni. Àwọn dọ́kítà Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó là á sílẹ̀: wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn cyclophosphamide lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ti wọlé, kó lè dẹ́kun ìjà tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì àlejò àti ara. Ó ti ń yọrí sí rere fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ara tètè ń kọ ti ìdajì ju ti ọmọ ìyá tó bára mu lọ, ẹ̀rí tí a ní lórí rẹ̀ kò sì tíì pọ̀ tó ti ìyẹn. Bí ọmọ yín ṣe ń ṣe dáadáa lórí kápúsù yìí, èmi kì bá kánjú. Ẹ di kápúsù mú, ẹ má fo ọjọ́ kílíníìkì, ẹ máa yẹ orí rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ sí Benin tàbí Èkó kí wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Bí hydroxyurea kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí àyẹ̀wò orí bá yí padà, ẹ ti wà lójú ọ̀nà nìyẹn.

Bàbá Ìbejì, Ìkòlé

Àwa náà ń gbé Táyé àti Kẹ́hìndé lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ̀dá Láàbù, kí la máa mú dání?

Láàbù Òkèyìnmí

Ẹ mú káàdì ọsibítù Táyé látìbẹ̀rẹ̀, ní pàtàkì ojú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ tó gba ẹ̀jẹ̀ sí àti iye ìgò. Bí kò bá sí lákọsílẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lálẹ́ òní kí ẹ kọ èyí tí ẹ bá rántí. Ẹ̀yin àti ìyá wọn náà, ẹ wá, nítorí wọ́n lè fẹ́ gba tiyín pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ. Kò sí ìdí tí wọn kò fi ní jẹun kí wọ́n tó wá, ẹ fún wọn lóúnjẹ, kí Táyé sì mu omi dáadáa lọ́nà.